Òkè Ìdáàṣà: Ilé Onílé Ni Ẹsẹ̀ Wa Ń Gbà Kọjá

Ẹni tó bá gba títì márosẹ̀ láti Kùtọnú lọ sí Pàràkú, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ojú rẹ̀ yóò máa rí fún ìgbà pípẹ́: ọ̀pẹ, oko àgbàdo, oko ẹ̀gẹ́, ọjà ẹ̀bá ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti kọjá Bohicon, tó sì ti ń súnmọ́ 200 kìlómítà sí Kùtọnú, àpáta á bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí láàárín oko. Ọ̀kan níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, títí wọ́n á fi yí odindi ìlú ká. Dassa-Zoumè nìyẹn, ìlú àwọn Ìdáàṣà, ọmọ Yorùbá tó tẹ̀dó sí àárín gbùngbùn ilẹ̀ Benin, tí èdè wọn kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá gbọ́ èdè Kétu tàbí ti Ṣàbẹ. Ìlú olókè mọ́kànlélógójì ni gbogbo Benin ń pè é. Ẹ má wulẹ̀ kà á. Àpáta ibẹ̀ ju 41 lọ. Iye tó ní ọ̀wọ̀ lágbo òrìṣà ilẹ̀ náà ni wọ́n fi dá ìlú lọ́lá.

Àwọn òkè wọ̀nyí kò ga. Sokbaro tó wà ní Atakora, tí wọ́n máa ń pè ní òkè tó ga jù ní Benin, 658 mítà ló fi ga ju òkun lọ, ti Ìdáàṣà kò sì tó 500. Ẹni tó ti gun Kilimanjaro rí lè fojú di wọ́n. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kì í dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan: góńgó kan so mọ́ èkejì, àárín wọn sì jìn, igbó sì dí i. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀yìn wọn kọjá láti òpin kan dé òpin kejì yóò gùn, yóò sọ̀, yóò tún gùn, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì máa ṣiṣẹ́ tó ẹsẹ̀. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni mo dá rìn nínú ọyẹ́, láti ìdájí di ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e lórí nítorí ohun kan tí àwọn tó ń polówó ibẹ̀ fún arìnrìn-àjò kì í sábà sọ: òkè Ìdáàṣà kì í ṣe aginjù. Ìlú ni. Àwọn tó kọ́ ọ ti sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kó kúrò.

Nítorí náà, àyè gbígbà ló ṣáájú. Kò sí ògiri ní ẹsẹ̀ òkè tí mo gbà, kò sí géètì, kò sí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ilẹ̀ tí kò lólúwa. Òkè tó ní ìdílé tó ni ín wà, òkè tó ní òrìṣà tó ń gbé ibẹ̀ wà, èyí tí wọ́n máa ń lọ ní ọjọ́ ọdún nìkan náà wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo lọ bá bàbá àgbàlagbà kan ní àdúgbò tó wà nísàlẹ̀ òkè náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i. Ó bi mí léèrè ọmọ ìlú ibi tí mo jẹ́, ó bi mí ohun tí mo ń wá. Nígbà tó gbọ́ pé èmi nìkan ni mo fẹ́ lọ, ó mi orí.

“Ìwọ nìkan? Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ ńkọ́, ta ni yóò ké fún wa?”

Mo ní kí bàbá má ṣe bínú, pé ẹ̀yìn òkè tí wọ́n ń rí láti ìlú ni n ó gbà, pé n kò ní wọ igbó lọ jìnnà, pé fóònù wà lọ́wọ́ mi, pé n ó ti sọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí góńgó méjì. “Wọn kì í dédé gun ìwọ̀nyẹn. Bí o bá dé ibẹ̀, gba ẹ̀gbẹ́.” N kò bi í léèrè ìdí. Ó tún ní, “Tí o bá sọ̀, wá fojú hàn mí kí n tó sùn.” Gbogbo ìwé tí àwọn òyìnbó kọ lórí òkè gígùn ló ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé ẹni tó bá fẹ́ dá lọ gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ń lọ àti ìgbà tí yóò dé fún ẹnìkan. Bàbá yìí ti fi gbólóhùn kan ṣe é tán.

Lásìkò ọyẹ́, nǹkan bí aago méje ni oòrùn máa ń yọ níbẹ̀. Aago mẹ́fà ni ó yẹ kí èèyàn ti wà lẹ́sẹ̀ òkè pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, nítorí òwúrọ̀ kùtùkùtù ni àpáta tutù. Tí ó bá fi di ọ̀sán, àpáta kan náà á gbóná débi pé ọwọ́ kò ní lè pẹ́ lára rẹ̀, ooru á máa ti òkè wá, á sì máa ti abẹ́ wá. Lítà omi mẹ́rin ni mo gbé. Kò pọ̀ jù. Omi òjò máa ń dúró nínú kòtò orí àpáta nígbà òjò, ṣùgbọ́n ní oṣù ọyẹ́ gbogbo wọn ti gbẹ, àyàfi ọ̀kan tàbí méjì tí ewé jíjẹrà ti sọ omi rẹ̀ di dúdú.

Ìbẹ̀rẹ̀ òkè jẹ́ àpáta kan ṣoṣo tó dàgẹ̀rẹ̀, tó fẹ̀, tí kò ní ibi tí ọwọ́ lè dì mú. Ẹni tí kò mọ̀ á fẹ́ fi orí ìka ẹsẹ̀ gùn ún, á sì fẹ́ tẹ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn gan-an ló ń mú ẹsẹ̀ yọ̀. Ó yẹ kí èèyàn nàró, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ balẹ̀, kí ìwúwo ara wà lórí ẹsẹ̀, kó sì máa gbé ìṣísẹ̀ kúkúrú. Òkúta wọ̀nyí rí ṣákiṣàki lára, wọ́n á di bàtà olóróbà mú dáadáa bí wọ́n bá gbẹ. Ohun méjì ló yẹ kí a bẹ̀rù. Èkíní ni eruku ọyẹ́, tó máa ń bà lé ara àpáta bí àtíkè. Èkejì ni ibi tí omi òjò máa ń ṣàn gbà, tí ohun kan ti hù sí tó sì sọ ọ́ di dúdú fírífírí. Bí ìrì bá sẹ̀ sí i, yíyọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo yà fún gbogbo ibi dúdú títí oòrùn fi gbẹ ẹ́.

Àpáta náà tún máa ń bó ní ìpele-ìpele. Ibòmíràn, ìpele kan á ti ya kúrò lára ìyá rẹ̀, á kàn jókòó sórí rẹ̀ ni, láìdì mọ́ ohunkóhun. Kí èèyàn tó gbé ara lé irú rẹ̀, kó fi ìka kàn án bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Bí ó bá dún gbàn-ìn gbàn-ìn bí ìkòkò òfìfo, kó fi í sílẹ̀. Bí ó bá dún kì, kó gùn ún.

Bí ó ṣe ń bó yìí ni òkè náà ṣe dé ayé. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ ńlá méjì fi agbára kọlu ara wọn ní apá ibí yìí, wọ́n sì gbé òkè gíga dìde, irú èyí tí a ń rí ní Himalaya lónìí. Nísàlẹ̀ àwọn òkè náà, nínú ìjìnlẹ̀ ilẹ̀, òkúta yọ́, ó ṣàn, ó sì dì padà díẹ̀díẹ̀. Òun ni àpáta tí a ń gùn báyìí. Òjò, oòrùn àti àkókò ti jẹ òkè gíga ìgbàanì tán pátápátá, wọ́n kó o lọ sínú odò àti òkun. Ibi tí òkúta ti sán púpọ̀ ni omi ráyè wọ̀, tó sọ ọ́ di iyẹ̀pẹ̀, tó sì gbá a lọ. Ibi tí kò sán ló kù tó dúró. Òkè Ìdáàṣà kò ru sókè láti inú ilẹ̀. Ilẹ̀ tó yí i ká ló rẹ̀ sílẹ̀ tó fi í sílẹ̀.

Ìsán ńlá kan tún gba apá ibẹ̀ kọjá láti gúúsù sí àríwá, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń fi orúkọ ìlú Kandi pè. Ó gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé àwọn òkè Hoggar ní Àlùjíríà. Lápá kejì, ó kọjá sí Brazil, ní agbègbè Sobral, nítorí pé ilẹ̀ kan ni ilẹ̀ Áfíríkà àti Brazil kí òkun tó là wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi ní gbogbo òwúrọ̀ yẹn. Òkúta tí mo gbọ́wọ́ lé ní ìbátan lódìkejì òkun, àwọn èèyàn tó sì fi orí àpáta yìí ṣe ilé, wọ́n kó nínú àwọn ọmọ wọn lẹ́rú kọjá sí ibẹ̀ kan náà. Àwọn òrìṣà bá wọn lọ. Nàná Bùkúù, tí ilẹ̀ Ìdáàṣà àti agbègbè Savalou jẹ́ ojúbọ rẹ̀ pàtàkì, ni wọ́n ń bọ ní Bahia ní Brazil títí di òní, tí wọ́n ń pè é ní Nanã. Ṣànpọ̀nná náà wà níbẹ̀, wọ́n ń pè é ní Omolu àti Obaluaê. Ìtàn Àgbómẹ̀, olú ìlú ìjọba Dàhòmì, fúnra rẹ̀ gbà pé láti ilẹ̀ Ìdáàṣà, ní Pingine Vedji, ni òrìṣà yìí, tí wọ́n ń pè ní Sakpata, ti dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà Agaja, ọba tó wàjà ní 1740. Pierre Fatumbi Verger, ará Faransé tó di babaláwo, tó gbé ní Bahia tó sì kú síbẹ̀ ní 1996, rin ilẹ̀ yìí àti Brazil láti tọ ipasẹ̀ wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lórí ẹ̀yìn òkè, lẹ́yìn góńgó kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìlú náà. Igi oṣè ló kọ́kọ́ ṣòfófó. Oṣè tó dàgbà kì í ṣe igi tó ń dédé pọ̀ sójú kan. Níbi tí wọ́n bá ti pọ̀, èèyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni mo rí òkúta tí wọ́n tò ní ìlà, tó gùn ju ohun tí ẹ̀fúùfù tàbí àgbàrá lè tò. Àpáàdì wà nílẹ̀ láàárín koríko. Lójú àpáta tó tẹ́ pẹrẹsẹ, mo rí kòtò gígùn, ó jìn díẹ̀, ó dán láàárín. Ọlọ ni. Ìran obìnrin kan lẹ́yìn òmíràn ló kúnlẹ̀ níbẹ̀ lọ ọkà títí òkúta fi jẹ. Mo fọwọ́ kàn án. N kò jókòó lé e.

Ohun tó gbé àwọn èèyàn wọ̀nyí gun orí òkè kò ṣòroó sọ. Ìtàn ààfin Ìdáàṣà sọ pé ìdílé ọba wọn, ìdílé Jagun, ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá wá, nígbà tí Abẹ́òkúta kò tíì sí, tí wọ́n sì bá àwọn mìíràn tó ti wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bíọ́dún Adédiran, nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìjọba Yorùbá ní ìwọ̀-oòrùn, tó jáde ní 1994, to Ìdáàṣà pọ̀ mọ́ Kétu àti Ṣàbẹ, ó sì fi hàn pé ìjọba tó dá dúró ni, tó ní ìṣètò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Àgbómẹ̀ kò tó 100 kìlómítà sí wọn. Bí Dàhòmì ṣe ń lágbára sí i, ilẹ̀ Mahi àti ilẹ̀ Ìdáàṣà di oko tí wọ́n ti ń kó èèyàn. Ní ayé Gezo, tó jọba láti 1818 sí 1858, àti ní ayé Glele tó tẹ̀ lé e, ogun kì í pẹ́ kó tó tún dé. Ẹni tí wọ́n bá mú, ó lè di ẹrú oko ọba, ó sì lè di èrò ọkọ̀ ojú omi ní Ouidah. Dàhòmì yìí kan náà ló kọlu Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, tí àwọn Ẹ̀gbá lé padà. Àwọn Ẹ̀gbá ní odi, wọ́n ní ìbọn, wọ́n ní Olúmọ lẹ́yìn wọn. Ìdáàṣà kéré sí Ẹ̀gbá púpọ̀. Òkè ni odi wọn.

Ẹni tó bá gba ibẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló lè mọ bí odi náà ṣe gbọ́n tó. Ibi tí ọ̀nà ti rọrùn jù láti gùn máa ń há lójijì láàárín àpáta méjì, tí ẹnìkan ṣoṣo lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá dúró lókè á rí i, òun kò ní rí ẹni tó dúró lókè. Láti orí góńgó kan, ojú á já góńgó tó kù, nítorí náà bí wọ́n bá dá iná lórí ọ̀kan, gbogbo wọn á rí i. Àwọn ọmọ ogun ìgbà náà, tó ru ìbọn, tó ru ẹ̀tù, tó ti fẹsẹ̀ rìn wá láti Àgbómẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gun àpáta yìí lábẹ́ òkò? Kì í ṣe pé wọn kò rí Ìdáàṣà kó. Wọ́n kó wọn púpọ̀, pàápàá lóko. Ṣùgbọ́n wọn kò lè pa wọ́n run.

Ọ̀sán pọ́n nígbà tí mo dé ibi tó le jù. Àpáta ńlá kan dí ẹ̀yìn òkè, ó ga tó ilé alájà kan, ìsán kan là á láti òkè délẹ̀, gbòǹgbò igi ọdán sì wà nínú rẹ̀ tí ọwọ́ lè dì mú. Mo wò ó pẹ́. Mo lè gùn ún. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó dá lọ bi ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn: ṣé mo lè sọ̀ ọ́ padà bí ohun tó wà lókè kò bá gbà mí? Láti ìsàlẹ̀, n kò rí òkè rẹ̀. Oyin ń wọ ihò kan ní apá òsì, wọ́n ń jáde. Oyin àpáta kò ṣeé bá ṣeré, ẹni tí oyin bá ká mọ́ ojú àpáta kò ní ibi tí yóò sá gbà. Mo yà wọ inú igbó lápá ìlà-oòrùn, mo yí i po, ó sì gbà mí tó wákàtí kan nínú ẹ̀gún àti ewé gbígbẹ, tí mo ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀ níwájú nítorí paramọ́lẹ̀. N kò kábàámọ̀ wákàtí náà. Ẹni méjì lè gbójú lé ara wọn. Ẹni kan ṣoṣo, ìpinnu tó bá ṣe nìkan ló ní.

Láti góńgó tó kẹ́yìn, gbogbo ìlú tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ mi nínú kùrukùru ọyẹ́: páànù, títì tó ń lọ sí àríwá, ojú irin tí àwọn Faransé ṣe láti Kùtọnú dé Pàràkú, 438 kìlómítà, tí ọkọ̀ kì í sábà gbà mọ́. Lẹ́yìn tí Béhanzin, ọba Dàhòmì, ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún Faransé ní 1894, tí ìkónilẹ́rú Àgbómẹ̀ sì ti dópin, ìdí tí àwọn Ìdáàṣà fi ń gbé orí òkè tán. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ wá bá oko, bá ọjà, bá ọ̀nà.

Ní ẹsẹ̀ òkè kan ni ihò àpáta Arigbo wà, níbi tí ìjọ Àgùdà ti ń bu ọlá fún Màríà Wúńdíá láti 1954. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Ògún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn láti gbogbo Benin, láti Tógò àti láti Nàìjíríà, ló máa ń wá síbẹ̀ wá gbàdúrà, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n kọ́ níwájú rẹ̀ kò sì gbà wọ́n tán. Ó dùn mọ́ mi nínú pé ẹ̀sìn tó dé lẹ́yìn náà mọ̀ pé àpáta yìí kì í ṣe ibi yẹpẹrẹ. Owó àti ìtọ́jú tí Arigbo ń rí, ìdá kékeré rẹ̀ kò dé orí òkè tó kù.

Ohun tí mo gbọ́ láti orí góńgó yẹn ju ohun tí mo rí lọ. Kọ̀-kọ̀-kọ̀, láti ọ̀nà jíjìn, kò dáwọ́ dúró. Òkúta ni wọ́n ń fọ́. Nígbà tí mo sọ̀, mo gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù, wọ́n jókòó sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, òòlù lọ́wọ́, ọmọ lẹ́yìn àwọn mìíràn. Wọ́n máa ń dáná sára àpáta kó lè sán, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á tún fọ́ ọ títí yóò fi di òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń po kọnkéré, wọ́n á tò ó lókìtì dúró de ọkọ̀ akẹ́rù. Mo kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n dáhùn pẹ̀lú ọ̀yàyà. N kò lè dá wọn lẹ́bi, ẹ̀yin náà kò ní lè dá wọn lẹ́bi bí ẹ bá rí ọwọ́ wọn. Ọmọ wọn gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwé, ilé tí à ń kọ́ ní Kùtọnú sì ń béèrè òkúta. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí àmì kankan tó ya òkè tí wọ́n lè fọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára òkè tí ọlọ àti ìpìlẹ̀ ilé wà lórí rẹ̀. Òòlù kò mọ ìyàtọ̀. Òkúta tó gba 600 mílíọ̀nù ọdún kó tó yọrí, tó gba ìran mélòó là lọ́wọ́ ẹrú, ọkọ̀ akẹ́rù lè kó o lọ láàárín oṣù díẹ̀.

Mo dé ọ̀dọ̀ bàbá ní ìrọ̀lẹ́, mo fojú hàn án. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “O ṣeun tí o kò gun ibi tí mo ní kí o má gùn.” Ó ti jókòó síta láti aago márùn-ún, ó sì rí mi lórí àpáta láti ibi tó wà.

Ohun tí mo ń béèrè kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó jọ Ìdáàṣà púpọ̀: àwọn náà gbé orí òkè títí di nǹkan bí 1923 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ilé àti ààfin wọn àtijọ́ ṣì wà lókè, àtẹ̀gùn wà tí èèyàn lè gbà dé ibẹ̀, orúkọ òkè náà sì ti wà láti 2007 nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. N kò sọ pé kí wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn sára àpáta Ìdáàṣà. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí ìjọba agbègbè Collines, ààfin àti àwọn ìdílé tó ni òkè jókòó pọ̀, kí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ gbogbo ibi tí ọlọ, odi àti ojúbọ wà, kí wọ́n sì ka fífọ́ òkúta léèwọ̀ níbẹ̀ gedegbe. Kí wọ́n fún àwọn obìnrin náà ní òkè tí kò ní ìtàn lórí, pẹ̀lú irinṣẹ́ tó sàn ju òòlù lọ. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Abomey-Calavi rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onímọ̀ ìwàlẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí ohun tó yẹ kí wọ́n wà ṣì wà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, pàápàá ẹ̀yin tó wà ní Nàìjíríà, ẹ lọ. Ẹ lọ láàárín oṣù Bélú sí oṣù Èrèlé, nígbà tí àpáta gbẹ. Ẹ gbé omi tó pọ̀, ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, bí ẹ kò bá sì mọ òkè gígùn, ẹ gba ọmọ ìlú tó mọ̀nà kó ṣáájú yín, kí ẹ sì san owó rẹ̀ dáadáa. Ẹ má mú àpáàdì kankan kúrò nílẹ̀. Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ lé àpáta, ẹ kọ́kọ́ kí onílé.